Bàálù Ní Kí Bàbá Mi Ritáyà

Bí ẹ bá rí mi lójú títì ní Ọ̀kà, ẹ ò ní mọ̀ pé páílọ́ọ̀tì ni mí. Èmi gan-an kì í rántí nígbà míràn, pàápàá tí Mọ́mì bá ní kí n lọ fọ abọ́. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mò ń retí yunifásítì. Yunifásítì ò tíì gbọ́ pé mo wà láyé. Kí ó tó gbọ́, mò ń wa bàálù ńlá lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, nínú láptọ́ọ̀pù kan tí bọ́tìnnì méjì ti yọ lára rẹ̀. Mi ò wọ bàálù rí. Ibi tó jìnnà jù tí mo dé láyé mi ni Àkúrẹ́, kí a sì tó dé Ọ̀wọ̀ ni mo ti bì sára obìnrin tó jókòó tì mí. Obìnrin náà fara balẹ̀ nu ara rẹ̀, ó wò mí, ó bi mí bóyá oyún ni.

Fífò kọ́ ni mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ bàálù. Ohun tí mo fẹ́ràn ni kó máa bọ̀ wá sílẹ̀ nínú kùrukùru tí èèyàn ò fi lè rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì gbé e balẹ̀ jẹ́jẹ́. Bóyá torí pé orí òkè là ń gbé ni. Ní Ọ̀kà, kùrukùru kì í dúró síta bí àlejò tó mọ̀wàhù. Á gba ojú fèrèsé wọlé, á jókòó sórí àga, á fọwọ́ pa aṣọ tí Mọ́mì sá sórí okùn títí tí aṣọ á fi tutù padà. Mo lè jí láàárọ̀ kí n ṣílẹ̀kùn, kí ìlú ti lọ. Ilé tó kọjú sí wa ti lọ, àpáta ti lọ, igi ti lọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù, á máa dún láti ibì kan tí mi ò lè nawọ́ sí. Màá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ọṣẹ ìfọyín á máa kán sí mi láyà, màá máa rò pé ilé wa ti gbéra nílẹ̀, pé à ń lọ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí láìpariwo, pé tó bá yá a máa balẹ̀ sí ìlú kan tí wọ́n ti ń gba irú mi sí yunifásítì.

Kí bàálù tó lè balẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè pọ̀. Páílọ́ọ̀tì méjì ló ń jókòó síwájú, kápùtẹ́nì lósì, igbákejì rẹ̀ lọ́tùn-ún. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lókè, tí ilẹ̀ ṣì jìnnà, ọ̀kan á máa bi èkejì, èkejì á máa dáhùn pé ṣẹ́kì, ìyẹn ni pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ọjọ́ ńkọ́, báwo ni ojú ṣe lè ríran jìnnà tó níbi tí à ń lọ? Ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, ṣé méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀kan lè gbà á bí èkejì bá kú? Bíréèkì, ṣé a ti sọ fún un bó ṣe máa mú un? Àmì tó ń bọ̀ láti ilẹ̀, ṣé a ti gbọ́ ọ, ṣé ti pápá tí à ń lọ ni àbí ti ibòmíràn? Bí kò bá wá ṣeé ṣe ńkọ́, ibo la máa gbà padà sókè, ta ló máa ṣe kí ni? Wọ́n á wá fẹnu kò sí gíga kan. Tí wọ́n bá ti dé gíga yẹn, kápùtẹ́nì gbọ́dọ̀ wo ìta kó sì sọ̀rọ̀: mo rí ilẹ̀, tàbí, à ń padà lọ sókè. Kò sí ìdáhùn kẹta. Kò lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó wò.

Èmi nìkan ni mo wà, nítorí náà èmi ni kápùtẹ́nì, èmi náà ni igbákejì. Ohùn ńlá ni mo fi ń béèrè, ohùn kékeré ni mo fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ohùn ńlá mi ò tíì gbó, ó máa ń fọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ẹni tó bá wà níta á rò pé ọmọdé méjì ló ń jà. Mọ́mì, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì ṣa ẹ̀wà, kọ́kọ́ ń bi mí ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, àánú mi ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

"Bíréèkì?"

"Ṣẹ́kì," Mọ́mì á wí, kò ní gbójú sókè.

"Ẹ̀rọ kejì?"

"Ṣẹ́kì."

"Iná ìbalẹ̀?"

"Ṣẹ́kì. Omi tí mo ní kí o pọn?"

Kápùtẹ́nì á dìde lọ gbé korobá.

Ẹ̀rọ náà ní ohùn tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń sún mọ́, á máa ka gíga tó kù, ohùn ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ ò kàn, bí ẹni tó ń ka ẹyin sínú abọ́. Tó bá ku díẹ̀ kí táyà fọwọ́ ba ilẹ̀, á ní, "Ritáàdì. Ritáàdì." Ìyẹn ni pé kí páílọ́ọ̀tì fa ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, kó jẹ́ kí eré kú, kí bàálù lè jókòó. Mo máa ń fà á sẹ́yìn bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni bàálù á yà kúrò lójú ọ̀nà, á já sí gọ́tà.

Ibi tí wàhálà ti wá ni pé bàbá mi ń lọ ritáyà.

Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Dádì ti ń wa mọ́tò rẹ̀ láti Ọ̀kà sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní jọ́gíráfì. Àsìkò rẹ̀ ti pé. Ó ku díẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìdágbére fún un, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú ilé. Mọ́mì, tó ń pè é ní Tíṣà bíi ti gbogbo àdúgbò, ń pe ritáyà ní "nǹkan yẹn", bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ eku níbi tí eku wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbé bàálù balẹ̀, Dádì yọ láti yàrá, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, gíláàsì rẹ̀ wà lórí.

"Ta ló ń sọ pé ritáyàdì nínú ilé mi?"

Mo wo Mọ́mì. Mọ́mì wo ẹ̀wà.

"Bàálù ni, sà," mo ní.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ritáyàdì, ritáyàdì. Tí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí. Ìwọ àti màmá ẹ lẹ jọ ṣe é?"

"Tíṣà, èwo ni tèmi ńbẹ̀?" Mọ́mì ní. "Ṣẹ́kì nìkan ni mo máa ń sọ."

Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ritáàdì ni, kì í ṣe ritáyàdì. Ó ní òun ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú kí wọ́n tó bí mi, òun sì mọ ohun tí òun gbọ́. Mo tún un ṣe kó gbọ́. Ó tẹ́tí, ọ̀rọ̀ náà tún jáde, ó mi orí: bàálù ní ritáyàdì. Lójú Dádì, gbogbo bàálù tó bá ti ń balẹ̀ láyé ló ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó wá jókòó tì mí. Inú mi dùn débi pé mo já bàálù náà sínú òkun.

"Tí ẹ̀rọ bá ń gbé e balẹ̀ fúnra ẹ̀," ó ní, "kí ni iṣẹ́ kápùtẹ́nì?"

"Kó máa wo ìta, sà. Tí kò bá rí ilẹ̀, kó sọ. Kí wọ́n gbé e padà."

"Tí kò bá wá rí i, tó ní òun rí i ńkọ́?"

"Wọ́n á sin ín, Dádì."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, ó sì ń nù ún lọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí gíláàsì ti mọ́ tipẹ́.

Ohun tí a ò jọ sọ nínú ilé yẹn pọ̀ ju ritáyà lọ. Ojú Dádì ń ṣú. Ó kí dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó rò pé ìyá tó ń gbé lẹ́yìnkùlé ni. Ó tún béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ní òun ò ríran. Ohun tó máa ń sọ ni, "Kùrukùru pọ̀ lónìí."

Láàárọ̀ tí kùrukùru wà, ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn tó lè din ẹran. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ bo iwájú orí, á ní, "Kùrukùru pọ̀ lónìí." Èmi á wo ojú ọ̀run, màá rí i pé ó mọ́ kedere, màá rí àpáta lọ́ọ̀ọ́kán, màá rí ewúrẹ́ lórí àpáta. Mọ́mì á ní, "Ó pọ̀ o, Tíṣà." Èmi náà á ní, "Ó pọ̀, sà." Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. A fi kùrukùru kún ilé fún un, gbogbo wa sì ń rìn jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà míràn èmi gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí i, funfun, ó ń rá pálá lórí àga, ó ń rá pálá lórí fọ́tò ìgbéyàwó wọn.

Ó sì ń fi ojú yẹn wa mọ́tò. Ó ti ha ara ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ní ògiri ló sún. Mọ́mì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó ní tí òun bá ti ṣe nǹkan yẹn tán, òun á lọ. Ọ̀rọ̀ tó wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni bó ṣe máa lọ síbi ìdágbére. Mọ́mì fẹ́ kó wọ taksí lọ. Dádì ní mọ́tò òun ló gbé òun lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ló máa gbé òun lọ lọ́jọ́ ìkẹyìn, òun ò ní sọ̀kalẹ̀ nínú taksí bí ẹni tó wá ra búrẹ́dì.

Ní alẹ́ tó ṣáájú, Mọ́mì bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Jókòó síwájú pẹ̀lú ẹ̀ lọ́la. Èmi á jókòó sẹ́yìn. Ṣe gbogbo ariwo tí o máa ń ṣe nídìí láptọ́ọ̀pù."

"Ẹ máa ṣe ṣẹ́kì?"

"Màá ṣe ṣẹ́kì."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru tòótọ́ dé. Irú èyí tí mi ò rí rí. Mo ṣílẹ̀kùn, mi ò rí ìgbésẹ̀ tí màá tẹ̀. Dádì jáde nínú agbádá aláwọ̀ búlúù, ó dúró, ó fimú fa atẹ́gùn, ó ní, "Kùrukùru pọ̀ lónìí," ohùn rẹ̀ sì dùn bí ti ẹni tí wọ́n dá láre ní kóòtù.

"Ó pọ̀ o, Tíṣà," Mọ́mì ní. Lọ́jọ́ yẹn, kò parọ́.

A wọ mọ́tò. Dádì lósì, bíi ti kápùtẹ́nì gan-an. Èmi lọ́tùn-ún, mo ti wọ ṣúúṣù kan tó fún mi lẹ́sẹ̀, mo ń dọ́gbọ́n mí.

"Kápùtẹ́nì," mo ní, ohùn mi sì fọ́ níbẹ̀, "iná iwájú?"

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó nawọ́, ó tan iná. "Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ṣẹ́kì," Mọ́mì ní lẹ́yìn.

"Wáípà?"

"Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Èkejì ń bá a ká lọ."

"Ṣẹ́kì."

"Bíréèkì?"

Ó tẹ̀ ẹ́. "Ó mú."

"Ṣẹ́kì."

"Gíga tí a ti máa pinnu?"

Ó yíjú sí mi. Mo rò pé ó máa béèrè kí nìyẹn, ṣùgbọ́n ó rántí. Ó ronú, ó ní, "Igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá títì, kí ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ sọ́nà Ìkàrẹ́. Ààyè wà níbẹ̀ láti yà."

"Tí a bá débẹ̀ tí ẹ ò rí ọ̀nà, sà?"

"A máa yà."

"Ṣẹ́kì," Mọ́mì ní, ohùn rẹ̀ sì kéré.

A gbéra. Mi ò lè sọ bí ìrìn yẹn ṣe rí dáadáa; bí ẹni pé mo ti lá a ṣáájú. Mọ́tò ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Kò sí ilẹ̀, kò sí òkè, iná wa ń tàn lára nǹkan funfun tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ fún wa. Orí obìnrin kan yọ, ẹrù igi ìdáná lórí rẹ̀, kò ní ẹsẹ̀, ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Fìtílà ẹni tó ń din àkàrà kọjá, ó dà bí iná pápákọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n ti gbàgbé. Ọ̀kadà kan dún lọ́tùn-ún, ó dún lósì, a ò rí i. Èmi ń pè é: "Òsì díẹ̀, sà. Ó tó. Ọ̀nà tọ́. Kòtò ń bọ̀ lọ́tùn-ún." Ọwọ́ Dádì ń tẹ̀ lé ẹnu mi. Ẹ ò mọ bó ṣe rí, kí bàbá ẹni máa fi ẹnu ẹni ríran. Mo gbàgbé ṣúúṣù. Mo rò ó pé tó bá jẹ́ báyìí la máa wà títí, kí a má dé, kí kùrukùru má tán.

Ó sì tán. Ó kù díẹ̀ kí a dé ibi igi máńgòrò ni atẹ́gùn kan gba ẹ̀gbẹ́ òkè wá. Ohun funfun náà ya sí méjì, ó ká ara rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹní, ó lọ. Oòrùn dé lẹ́ẹ̀kan. Mo rí igi máńgòrò títí dé ewé rẹ̀. Mo rí títì bó ṣe ń wọ́ sọ̀kalẹ̀, àti páànù Ìkàrẹ́ tó ń dán nísàlẹ̀ bí omi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń gun òkè bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí ọmọkùnrin tó jókòó lórí iṣu rẹ̀. Mo wò ó títí mo fi gbàgbé láti pe ọ̀nà.

Dádì ń na ọrùn lọ síwájú, bó ṣe ń nà án látàárọ̀. Àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sítíárìn.

"Kùrukùru yìí ò mà fẹ́ tán," ó ní.

Ẹnu mi ti ya láti ní "Ó pọ̀, sà." Ó ti mọ́ ọn lára, ọ̀rọ̀ yẹn, ó mọ ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀. Mo ní, "Kápùtẹ́nì, a ti dé gíga yẹn. Ẹ rí ọ̀nà, àbí ẹ ò rí i?"

Ó tẹ bíréèkì díẹ̀. Ó ní, kì í ṣe fún mi, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń bi, "Ṣé kùrukùru ṣì wà?"

Ará Ìfira ni Mọ́mì, níbi tí wọ́n ti ní èdè tiwọn tó yàtọ̀ sí Yorùbá. Èdè ilé wọn ló fi ń sunkún, òun náà ló fi ń gbàdúrà tí ọ̀rọ̀ bá le. Yorùbá la fi ń ṣeré nílé. Èdè ilé wọn ló fi dá a lóhùn. Èmi máa ń ṣì í gbọ́, ṣùgbọ́n èyí ò ṣòro: ó ti lọ. Ó ti lọ tipẹ́.

Mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí.

"Nígbà náà," Dádì ní, "mi ò rí i."

Ó tan iná ìyàbàrá, ó yà síbi igi máńgòrò bíi bàálù tí ẹ̀rọ ń wà, jẹ́jẹ́, kò kan òkúta kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù kọjá, ọmọkùnrin orí iṣu juwọ́ sí wa. Dádì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná ẹ́ńjìnnì, ó fa hándìbíréèkì sókè, ó yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó wá sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin inú láptọ́ọ̀pù gẹ́lẹ́, ohùn tí ọ̀rọ̀ ò kàn:

"Ritáyàdì. Ritáyàdì."

Mọ́mì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fi etí gèlè nu ojú. Dádì mú kọ́kọ́rọ́, ó kàn nà án sẹ́yìn láìyíjú, Mọ́mì sì gbà á sínú báàgì. Èmi ń retí pé bóyá èmi ni yóò fún. Wọ́n wò mí, àwọn méjèèjì. Mo ní mi ò mọ mọ́tò wà.

"O gbé bàálù balẹ̀ lánàá," Dádì ní.

"Ìyẹn ò ní kílọ́ọ̀ṣì, sà."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé agbádá rẹ̀ ń mì. Taksí kan tó ń bọ̀ láti Ọ̀kà dúró. Dẹ́rẹ́bà mọ̀ ọ́n, ó yọrí jáde. "Tíṣà, ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé mọ́tò ló dá yín dúró?"

"Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan," Dádì ní. "Dẹ́rẹ́bà ló ritáyà."

Ó jókòó síwájú nínú taksí, èmi àti Mọ́mì wà lẹ́yìn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ sínú àpò, ó fi orí ti àga, ó di ojú.

"Páílọ́ọ̀tì," ó ní, "máa pè é fún mi."

Mo sún síwájú, mo fi àgbọ̀n mi lé ẹ̀yìn àga rẹ̀. Mo ní páànù ń dán, sà. Mo ní wọ́n ń sun pápá níbì kan, èéfín ń lọ tààrà. Mo ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín ń rìn lẹ́bàá títì, ọ̀kan ti mọ̀ yín, ó ń juwọ́. Dádì gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí apá tó yẹ gan-an, ojú rẹ̀ ṣì dì.

"Ṣẹ́kì," ó ní. "Máa bọ̀."